Kéèkì ṣokoléètì elélégédé: bí a ṣe ń dín òróró àti ṣúgà kù tí kò sì ní gbẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń po ẹ̀fọ́ mọ́ kéèkì ló gbà pé ẹ̀fọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń sọ kéèkì di oúnjẹ aṣaralóore. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ da odidi elégédé kan sínú kéèkì tí bọ́tà, ṣúgà àti fíláwà rẹ̀ jọ wọ̀n dọ́gba, bí a ṣe sábà ń ṣe é nílé, kéèkì ọlọ́ràá aládùn náà ló ṣì jẹ́. Omi àti adùn tó wà lára elégédé la fẹ́ lò. Omi yẹn máa ń mú kí kéèkì rọ̀ nígbà tí a bá yọ ọ̀rá kúrò, adùn yẹn sì ń gbè é lẹ́yìn nígbà tí a bá dín ṣúgà kù. Bí ẹ kò bá yọ nǹkan kan kúrò, ẹ kàn fi elégédé ṣòfò ni.

Omi yìí kan náà ló sì ń ba kéèkì jẹ́. Nínú gíráàmù 100 elégédé tútù, ó lé ní 90 tó jẹ́ omi. Ẹni tó bá sè é, tó lọ̀ ọ́, tó sì dà á wọlé bẹ́ẹ̀, omi á pọ̀ ju ọkà lọ fún un: àárín kéèkì á jìn, ìdí rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ eyín. Nítorí náà, apá tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ọ̀rọ̀ omi ni.

Ohun tí ẹ máa wọ̀n sílẹ̀

Fún páànù kéèkì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 20, tó lè gé sí ọ̀nà méjìlá:

- elégédé tí a ti sè, tí a lọ̀, tí omi rẹ̀ ti dá: gíráàmù 200
- fíláwà wíìtì tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀: gíráàmù 120
- fíláwà funfun: gíráàmù 60
- kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà: gíráàmù 50
- dàbínù tí a ti yọ kóró rẹ̀: gíráàmù 100
- ṣúgà: gíráàmù 80
- òróró tí kò lóòórùn: mílílítà 80
- yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà: mílílítà 80
- ẹyin ńlá méjì
- baking soda: ìdajì ṣíbí tíì
- baking powder: ṣíbí tíì kan
- iyọ̀: ìdajì ṣíbí tíì
- fánílà: ṣíbí tíì kan, àti kọfí lílọ̀ ṣíbí tíì kan bó bá wù yín

Ẹ fi síkéèlì wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀ pé kọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, ṣùgbọ́n fíláwà tí a tẹ̀ mọ́nú kọ́ọ̀pù àti èyí tí a rọra bù sí i kì í wọ̀n bákan náà, kéèkì tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ kì í sì í dárí ji ẹni tó bá ṣì í wọ̀n.

Kòkó ni kí ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ rà. Tíì onímọ́ọ̀tì tí à ń pò fún ọmọ láàárọ̀ kì í ṣe kòkó lílọ̀. Mọ́ọ̀tì, mílíìkì àti ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣe kéèkì yìí, ṣúgà tí ẹ lé jáde lẹ́nu ọ̀nà á gba ojú fèrèsé wọlé. Ó máa ń yà mí lẹ́nu: ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń mú kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, owó kòkó ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́ Cocoa House alájà 26 tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ní 1965, síbẹ̀ ẹ lè wọ ilé mẹ́wàá ládùúgbò kí ẹ má rí kòkó lílọ̀ gidi nínú kíṣìnnì ọ̀kankan.

Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n kàn fún ọ̀rá rẹ̀ jáde tí wọ́n sì lọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Ìkejì ni èyí tí wọ́n fi èròjà alkali pa kíkan inú rẹ̀, ọ̀nà kan tí Coenraad van Houten, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, mú jáde ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ó dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìtọ́wò rẹ̀ sì tutù. Bí ẹ bá rí "processed with alkali" lára páálí, oríṣi kejì nìyẹn. Àkọ́kọ́ la fẹ́. Baking soda kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tó bá pàdé ohun tó kan: kòkó yìí àti yọ́gọ́ọ̀tì ló máa pàdé, wọ́n á jọ hó, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì gbé kéèkì sókè. Bó bá jẹ́ pé oríṣi kejì lẹ rí rà, ẹ yọ baking soda kúrò pátápátá kí ẹ sì lo baking powder ṣíbí tíì méjì, nítorí baking powder ní ohun kíkan tirẹ̀ nínú. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kéèkì lè máa ta ọṣẹ-ọṣẹ lẹ́nu.

Ní ti wíìtì, ẹ ṣọ́ra. Èyí tí wọ́n ń tà fún òkèlè máa ń ṣe gbúngbùn-gbúngbùn. Bí òun ló wà nílé, ẹ da díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ sínú bílẹ́ńdà gbígbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná, kí ẹ tó jọ̀ ọ́. Èèpo tó bá kù lórí asẹ́, ẹ dà á padà sínú abọ́. Nítorí rẹ̀ la ṣe ra wíìtì. Fíláwà funfun díẹ̀ tí a fi kún un kò jẹ́ kí kéèkì wúwo jù. Àwọn kan á ní kí ẹ lo wíìtì nìkan. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè má bèèrè ìkejì.

Dàbínù náà kì í ṣe idán. Ó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ tó jẹ́ ṣúgà. Ohun tó fi sàn ni pé ó ní fáíbà, ìyẹn fọ́nrán inú èso, tí ṣúgà funfun kò ní, ó sì máa ń di omi mú nínú kéèkì. Bí a bá pa ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ gíráàmù 80 tí a wọ̀n, á tó bíi 145 nínú odidi kéèkì, ìyẹn bíi gíráàmù 12 nínú gígé kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí à ń fi kún oúnjẹ má kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́, àti pé bó bá lè wálẹ̀ sí ìdá márùn-ún, bíi gíráàmù 25 fún àgbàlagbà, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígé méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ tìtorí orúkọ elégédé gbàgbé ohun tí dókítà rẹ̀ là sílẹ̀ fún un.

Elégédé

Èyí tí èèpo rẹ̀ le ni kí ẹ rà, tí èékánná kò lè wọ̀, tí ìdí igi rẹ̀ ti gbẹ, tó sì wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Bí wọ́n bá ti là á sọ́jà, ẹ wo inú rẹ̀: èyí tó pọ́n bí ọsàn ló dùn jù, èyí tó funfun ràkọ̀ràkọ̀, omi lásán ni. Ègé tó wọ̀n tó kílò kan pẹ̀lú èèpo máa tó wa, á sì ṣẹ́kù.

Ẹ má sè é nínú omi. Omi tó ti wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Bí ẹ bá ní óófùn, ẹ gé e sí ègé ńláńlá, ẹ kó kóró inú rẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ẹ fi iná 200°C sun ún fún bí ìṣẹ́jú 45, títí ọ̀bẹ á fi máa wọ̀ ọ́ láìjà. Bí kò bá sí óófùn, ẹ fi ooru omi sè é: omi díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, asẹ́ onírin lórí rẹ̀, elégédé lórí asẹ́, kí ìdérí sì bò ó dáadáa. Bó bá ti jinná, ẹ fi ṣíbí ha ẹran inú rẹ̀ kúrò lára èèpo, kí ẹ lọ̀ ọ́ láìbu omi kankan sí i. Bí bílẹ́ńdà bá kọ̀ tí kò yí, ọmọ odó tàbí fọ́ọ̀kì á ṣe iṣẹ́ náà.

Ó kan fífún. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tó mọ́ sínú asẹ́, irú èyí tí ẹ fi ń sẹ́ ògì, ẹ gbé asẹ́ lé abọ́, kí ẹ dà á sí i. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ẹ kó etí aṣọ pọ̀, ẹ lọ́ ọ, ẹ rọra fún un. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú kan á máa kán sínú abọ́. Ẹ tọ́ ọ wò: ó dùn. Ẹ má dà á nù, a máa fi rẹ dàbínù.

Ẹ wá da elégédé tí ẹ fún náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn, kí ẹ gbé e sórí iná tó rọra ń jó, kí ẹ máa rò ó láìdúró. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa ta pọ́-pọ́. Nígbà tó bá yá, ariwo yẹn á dákẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣú díẹ̀, tí ẹ bá sì fa ṣíbí gba àárín ìkòkò kọjá, ojú ọ̀nà tó là kò ní tètè pa dé. Ìgbà yẹn ni kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láti mọ̀ dájú, ẹ bu ṣíbí kan sórí àwo pẹlẹbẹ, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí omi bá yí i ká lórí àwo, ẹ dá a padà sórí iná. Bí etí rẹ̀ bá gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì wọ̀n gíráàmù 200. Èyí tó kù ṣeé dì sínú ọ̀rá kékeré fún fírísà, kó lè di ti kéèkì mìíràn.

Kóró inú rẹ̀ náà wúlò: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ yan án pẹ̀lú iyọ̀ fífọ́n, ẹ fi í wọ́n ojú kéèkì kó tó wọ óófùn.

Pípò rẹ̀

Ẹ tan óófùn sí 175°C ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ fi òróró pa inú páànù, ẹ tẹ́ bébà kéèkì sí ìdí rẹ̀.

Ẹ gé dàbínù wẹ́wẹ́. Ẹ wọ̀n mílílítà 80 nínú omi tí ẹ fún jáde lára elégédé (bí kò bá tó, ẹ fi omi lásán kún un), ẹ gbé e kaná kó hó, ẹ dà á lé dàbínù lórí, ẹ dé e fún ogún ìṣẹ́jú. Dàbínù pẹ̀lú omi rẹ̀ lẹ jọ máa lọ̀ títí á fi kúnná. Tí ẹ bá ṣì ń rí èèpo rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ sí i.

Ẹ dá dàbínù lílọ̀ yìí padà sórí iná kékeré títí á fi máa rú èéfín, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jọ kòkó àti kọfí lé e lórí, ẹ da òróró sí i, ẹ rò ó. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe wúruwùru, á dà bí ẹni pé kò fẹ́ pò pọ̀. Ẹ má dúró. Á yí padà di dúdú tó ń dán, òórùn ṣokoléètì á sì gba ilé. Ooru àti ọ̀rá ló ń tú òórùn kòkó sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi kàn pò ó mọ́ fíláwà. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ẹyin bá bá a ní gbígbóná, ẹyin dídín lẹ máa rí nínú rẹ̀.

Ẹ da ṣúgà, elégédé, yọ́gọ́ọ̀tì àti fánílà sí i, ẹ rò ó. Ẹ fọ́ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àkọ́kọ́ ti wọlé tán kí ìkejì tó tẹ̀ lé e.

Nínú abọ́ mìíràn, ẹ jọ fíláwà méjèèjì, baking soda, baking powder àti iyọ̀ pọ̀. Ẹ dà á lé èyí tó tutù ní ìgbà méjì, kí ẹ sì fi ṣíbí pẹlẹbẹ máa yí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tí ẹ kò bá rí fíláwà funfun kankan mọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ọmọdé ló máa ń fẹ́ lù ú sí i. Kéèkì tí a lù jù máa ń le bíi búrẹ́dì. Bó ṣe yẹ kó rí ni bí ẹ̀wà tí a lọ̀ fún mọ́ínmọ́ín tí a kò tíì bu omi sí tán: á já bọ́ láti ara ṣíbí, ṣùgbọ́n kò ní ṣàn. Bó bá ki jù, ẹ fi yọ́gọ́ọ̀tì ṣíbí kan kún un.

Ẹ tètè dà á sínú páànù. Láti ìgbà tí baking soda bá ti fojú kan yọ́gọ́ọ̀tì ló ti ń hó, afẹ́fẹ́ tó bá sì jáde sínú abọ́ kò ní sí nínú kéèkì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lá ṣíbí: ẹyin tútù wà níbẹ̀, fíláwà tútù pàápàá kò ṣeé jẹ láìsè.

Yíyan rẹ̀

Ìṣẹ́jú 40 sí 45 ló ń gbà. Ẹ má ṣílẹ̀kùn óófùn kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, nítorí atẹ́gùn tútù lè mú kí àárín rẹ̀ jìn. Láti ìṣẹ́jú 35, ẹ fi igi ìtayín gún àárín rẹ̀. Èérún tútù díẹ̀ lára igi dára, ohun tó ń fà kò dára. Ẹ má dúró de ìgbà tí igi á jáde ní gbígbẹ fúrúfúrú. Kéèkì tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ ti gbẹ jù nígbà náà. Ẹni tó bá ní ìwọ̀n ooru onímúmú, 96 sí 98°C ní àárín ló ń wá.

Àwọn tí kò ní óófùn, ìkòkò oníyanrìn tí àwọn ìyá wa ń lò ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìkòkò ńlá tó nípọn ni, ẹ da iyanrìn gbígbẹ tí a ti fọ̀ sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé irin tàbí agolo pẹlẹbẹ sórí iyanrìn kí páànù má bàa jókòó lé e, kí ẹ dé e, kí ẹ sì jẹ́ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú kí kéèkì tó wọlé. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ wé ìdérí, kí ẹ ká etí aṣọ sókè kúrò lẹ́bàá iná. Aṣọ yẹn ló máa fa omi ooru mu tí kò fi ní máa kán sórí kéèkì. Elégédé ń tú ooru sílẹ̀ púpọ̀, kéèkì yìí sì nílò aṣọ náà ju kéèkì bọ́tà lọ. Iná kékeré, bíi wákàtí kan.

Lẹ́yìn tó bá jáde, ìṣẹ́jú 15 nínú páànù, kí ẹ yí i sórí ohun tí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ó dùn jù lọ́jọ́ kejì. Èèpo wíìtì kì í tètè mu omi. Láàárín òru, omi inú kéèkì á yí ká, ìtọ́wò elégédé á sì rì sábẹ́ kòkó. Nítorí omi yìí náà ló ṣe ń tètè hu, pàápàá lásìkò òjò: má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kan lórí tábìlì, lẹ́yìn náà ó di inú fíríìjì, ibi tó ti lè lo ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí pé òróró la lò, kò ní le gbagidi níbẹ̀ bíi ti bọ́tà.

Ẹ kò nílò áísìn oníṣúgà. Bí ẹ bá fẹ́ nǹkan lójú rẹ̀, tó sì jẹ́ àsìkò píà, ẹ lọ píà kan tó rọ̀ dáadáa pẹ̀lú kòkó gíráàmù 25, oyin ṣíbí ìjẹun méjì àti iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ fi pa á lọ́jọ́ tí ẹ máa jẹ ẹ́. Oyin kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Bí kò bá sí elégédé

Ọ̀dùnkún ni mo máa kọ́kọ́ mú, ànàmọ́ tí àwọn ará Ọ̀fà fẹ́ràn. Omi rẹ̀ kò pọ̀ tó ti elégédé, nítorí náà kò nílò fífún, kódà ẹ fi yọ́gọ́ọ̀tì ṣíbí ìjẹun méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹ sun ún pẹ̀lú èèpo, kí iná má yára: bó ṣe ń gbóná díẹ̀díẹ̀, èròjà kan nínú rẹ̀ ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, ẹ sì lè dín ṣúgà kù sí gíráàmù 60. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn ló ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Inú funfun kò fi bẹ́ẹ̀ ní in.

Bíìtìrúùtù dùn mọ́ kòkó, àwọ̀ rẹ̀ sì rẹwà. Odidi ni kí ẹ sè é pẹ̀lú èèpo, kí ẹ tó bó o, kí ẹ sì lọ̀ ọ́. Ìtọ́wò rẹ̀ máa ń dà bí òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ẹlòmíràn kò sì fẹ́ ẹ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan máa ń bò ó. Bí ìtọ̀ ọmọ bá pọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹ má sáré lọ sọ́síbítù kí ẹ tó rántí ohun tó jẹ.

Kárọ́ọ̀tì ni kò nílò sísè rárá. Ẹ rin gíráàmù 150 pẹ̀lú ojú tó kéré jù lára ohun ìrin, kí ẹ pò ó mọ́ ọn ní tútù lẹ́yìn tí fíláwà bá ti wọlé. Ọgbọ́n àwọn ará Bìrìtìkó nìyí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín ṣúgà níwọ̀nba ní oṣù kìíní 1940, tí wọ́n sì ń rọ àwọn ìyàwó ilé láti fi kárọ́ọ̀tì mú oúnjẹ dùn. Kò yọ́ bí elégédé ṣe ń yọ́. Ẹ máa rí i fínnífínní nínú kéèkì, bí ọmọ yín bá sì jẹ́ irú èyí tó ń ṣa ata kúrò nínú ọbẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́.

Ẹ̀fọ́ ewé, bíi tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Àwọn kan ń lọ̀ ọ́ sínú kéèkì torí pé kòkó á bo àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní adùn tó lè rọ́pò ṣúgà, kò sì nípọn tó láti rọ́pò òróró.